Ta Ló Dín Dòdò Inú Géèmù?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ara ṣe ń ta èèyàn, ẹ fi odidi ọdún kan kọ ìwé, kí ẹ wá jókòó síbi tí ẹni tó kórìíra ìwé náà jù lọ ti ń kà á sókè fún gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí Ẹgbẹ́ Òǹkàwé Àpòmù máa ń fi ojú àwọn òǹkọ̀wé wọn rí nìyẹn. Òfin wọn ni pé òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ ka ìwé ara rẹ̀. Ẹni tó bá tako ìwé náà jù nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n máa gbé e lé lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ohùn dídùn ló bá ìwé tí kò dáa borí. Bí ẹni náà bá ka orí kìíní tán, á pa ìwé dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ á wá ní kí àwọn tó bá fẹ́ kí wọ́n kà síwájú nawọ́. Ìwé tí wọ́n bá kà kọjá orí kìíní ni ẹgbẹ́ ń tẹ̀ jáde, ẹyọ kan péré lọ́dún. Èyí tí wọ́n bá dá dúró lè padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá tún dá a dúró lẹ́ẹ̀kejì, ó parí.

Ìwé Adéfúnkẹ́ Akíndèjì ti fẹ́ padà lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Tísà ni Adéfúnkẹ́, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ló ń kọ́ ní Ìkirè. Ọdún kẹta rèé tó ti ń gbé ìwé lọ gbé ìwé bọ̀ láàárín Ìkirè àti Àpòmù. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ, ìtàn ìfẹ́ ni, ẹgbẹ́ dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ti wá bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn pé bí wọ́n bá tún dá èyí dúró, òun á gbé bírò sílẹ̀, òun á gbájú mọ́ ṣọ́ọ̀kì àti pátákó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. 

Inú géèmù ló ti mú ìtàn yìí. Dìran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ sílé-ẹ̀kọ́, tó ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì Ìkirè, ló jókòó ti kọ̀ǹpútà fún ọdún kan ààbọ̀, tó ṣe géèmù kan tó pè ní Ẹlẹ́dòdò. Ọmọbìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó gbé àtẹ dòdò Ìkirè lérí, tó ń sáré lójú títì láti Ìkirè dé Wásinmi. Ìwọ tí o mú fóònù dání ni wàá máa darí rẹ̀: kó yà fún tíréélà, kó fo ọ̀kadà, kó na dòdò sí àwọn èrò ọkọ̀ tó ń nawọ́ lójú fèrèsé. Ẹ̀mí mẹ́ta ló ní. Bí mọ́tò bá gbá a, á ṣẹ́jú pẹ́pẹ́, á dìde. Bí dòdò orí àtẹ bá tán, àtẹ á dún gbiì, á tún kún. Kò sí ọmọ Ìkirè tó ní fóònù tí kò ta géèmù náà bí ẹni ń ta ayò, kò sì sí ẹni tó ta á dé ibi tí Adéfúnkẹ́ ta á dé. Kódà, Dìran tó ṣe é kò lè bá a dù ú.

Ohun tó rò kò ṣòro. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọn kì í lè ka ojú ìwé méjì kí wọ́n má yán, wọ́n ń ta Ẹlẹ́dòdò títí fóònù ìyá wọn fi ń kú. Ó ní bí òun bá kó géèmù náà sínú ìwé bó ṣe wà, ìwé náà á dùn bí géèmù ṣe dùn. Ó sì kó o síbẹ̀ lóòótọ́. Tíréélà, ọ̀kadà, ẹ̀mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àtẹ tó ń kún fúnra rẹ̀, kò fi ìkankan sílẹ̀. Ànú ló sọ ọmọbìnrin náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kìíní, nínú kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Àpòmù. Alàgbà Titus Fáṣadé ni wọ́n gbé e fún. Hẹ́dímásítà ni bàbá yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì tíì sí ìwé tó kà tí kò fi bírò pupa sàmì sí. Ó ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé òun kò rí ìdí tí a fi máa kó eré ọmọdé wá síwájú àgbàlagbà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kò fi iyọ̀ sí i, kò fi ata sí i.

"'Tíréélà gbá Ànú. Ànú dìde. Bọ́ọ̀sì gbá Ànú. Ànú tún dìde.'"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá láti Ìkòyí béèrè pé ṣé ọmọ yìí kò tiẹ̀ ní í sùn sílẹ̀ díẹ̀ kó sinmi ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adéfúnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kí omi má bàa bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Dárasími, akọ̀wé ẹgbẹ́, ní kí àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kà síwájú nawọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ sókè. Ọwọ́ Dìran ni. Dìran kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Alàgbà Titus pe Adéfúnkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà. Kò fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

"Tísà, gbọ́ mi. Nínú géèmù, ìwọ fúnra rẹ lò ń sáré. Nínú ìwé, ẹlòmíràn ló ń sáré, èmi tí mo jókòó ni mo ń bẹ̀rù fún un. Ta ni o fẹ́ kí n bẹ̀rù fún? Ẹni tó ní ẹ̀mí mẹ́ta? Géèmù kò lè di ìwé. Wá nǹkan mìíràn kọ."

"Ẹ ṣé, sà," ni Adéfúnkẹ́ wí. 

Orí ọ̀kadà ni òun àti Dìran jọ wà bọ̀ wá sí Ìkirè, eruku ọyẹ́ ń fẹ́ sí wọn lójú. Dìran ń gbìyànjú láti tù ú nínú. Ó ní òun mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: tíréélà inú ìwé náà kò pọ̀ tó. Adéfúnkẹ́ fa ìborùn rẹ̀ bo etí títí wọ́n fi délé.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, Adéfúnkẹ́ jókòó lórí àpótí lọ́dọ̀ Màmá Ẹfúnyẹmí, aládùúgbò wọn, ó ń ta géèmù láti fi gbàgbé ìrònú. Dòdò ni Màmá Ẹfúnyẹmí ń dín. Ẹni tó mọ Ìkirè mọ̀ pé dòdò ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ará ibòmíràn á ti gbé sọ nù, ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n á gún un mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú minimini. Èèfín á wọ èèyàn lójú, epo á ta sí i lápá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ dìde nídìí rẹ̀.

Màmá yọjú wo fóònù náà. "Kí lò ń tẹ̀ báyìí tó ń dún gbiì gbiì?"

Adéfúnkẹ́ fi hàn án. Inú Màmá dùn nígbà tó rí ọmọ tó gbé àtẹ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó fo ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n nígbà tí dòdò tán lórí àtẹ, tí àtẹ dún gbiì, tó tún kún, ojú rẹ̀ yí padà.

"Dá a dúró ná. Ta ló kó dòdò sórí àtẹ yẹn?"

"Ó kàn kún ni, Màmá. Bí géèmù ṣe rí nìyẹn."

"Ó kàn kún?" Màmá gbé síbí epo sílẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti wà nídìí agbada yìí, àtẹ kan ò tíì kàn kún fún mi rí. Ẹni tó ṣe géèmù yìí, kì í ṣọmọ Ìkirè ni?"

"Dìran ni, Màmá."

"Dìran ọmọ Enoch? Dìran tó jẹ dòdò mi dàgbà? Ó káre o! Ìyá ọmọ yẹn wá dà? Kò sí nínú géèmù?"

"Kò sí, Màmá."

Màmá Ẹfúnyẹmí mi orí. Ó yọ dòdò tó wà nínú epo, ó da òmíràn sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú Adéfúnkẹ́ mọ́.

"Nígbà tí Ẹfúnyẹmí ń bá mi kiri, ìdí agbada yìí ni mo máa ń wà. N kì í rí i. Etí ni mo fi ń ṣọ́ ọ. Bí mọ́tò bá ti tẹ búrékì lójú títì báyìí, ọwọ́ mi á dúró. Ó ti kú lójú mi nìyẹn. Tó bá wá yọ ní kọ̀rọ̀ yẹn, tó gbé àtẹ òfìfo bọ̀, ó tún jí. Mi ò sọ fún un rí. Màá kàn ní kó wẹ ọwọ́, màá tún kó òmíràn lé àtẹ fún un. Lójoojúmọ́ o, fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀mí mélòó lo ní ọmọ inú géèmù yẹn ní?"

"Mẹ́ta, Màmá."

"Mẹ́ta kéré."

Nọ́ọ̀sì ni Ẹfúnyẹmí báyìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ti bímọ méjì. Síbẹ̀, Adéfúnkẹ́ rí i pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró lórí epo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà.  Láti kékeré ló ti ń jókòó lórí àpótí yìí. Ó ti jẹ dòdò obìnrin yìí kó tó mọ ìwé kà, kò sì bi í léèrè ohunkóhun rí. Òun àti Dìran àti gbogbo ọ̀dọ́ Ìkirè ti ta géèmù yìí fún odidi ọdún, kò sí ìkankan nínú wọn tó wò ó pé ta ló dín dòdò náà. Ọmọ Ìkirè sì ni gbogbo wọn! Ojú tì í gidigidi. Lẹ́yìn ìtìjú yẹn, inú rẹ̀ wá dùn lójijì, ó dìde láì kí Màmá pé ó dàbọ̀, ó sáré wọlé lọ wá bébà.

Ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Oṣù méje ló fi kọ òmíràn. Bí ó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, ìdí agbada Màmá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á bá a bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á máa bi í ní ìbéèrè títí Màmá á fi ní kó jẹ́ kí òun mí. Dìran kà díẹ̀ níbẹ̀, ó ní òun kò rí géèmù òun mọ́. Adéfúnkẹ́ ní kó túbọ̀ wò ó dáadáa.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kà á lẹ́ẹ̀kejì, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ Àpòmù tutù. Màmá Ẹfúnyẹmí tẹ̀ lé e lọ. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí hẹ́dímásítà tó ń bá ọmọ jà nítorí dòdò. Ẹ̀yìn ló jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dìran, ìró tó fi ń dín dòdò ló ró wá. Iwájú ni Adéfúnkẹ́ jókòó, gẹ́gẹ́ bí òfin, kí gbogbo èèyàn lè máa wo ojú rẹ̀. 

Kò sẹ́ni tó tún bá Alàgbà Titus du kíkà rẹ̀. Bàbá wọ ìgò ojú, ó yọ bírò pupa, ó wo àkọlé, ó kẹ́dùn. "Ọ̀rọ̀ géèmù yìí náà ni," ló wí. Àwọn kan ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Ó wá ń kà á bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"'Epo ti gbóná, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣunfúnmi kò tíì da nǹkan kan sí i. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ Ànú, ọmọ rẹ̀, tó ń lọ sójú títì. Bí kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ náà mọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ méjì sì ni. Ọwọ́ rẹ̀ ń dín dòdò. Etí rẹ̀ ń bá ọmọ rẹ̀ rìn láàárín ọkọ̀.'"

Ẹ̀rín kò wá. Bàbá kà á lọ. Ó ka ibi tí Ọ̀ṣunfúnmi ti ń fi ìró mọ tíréélà yàtọ̀ sí bọ́ọ̀sì. Ó ka ibi tí Ànú ti dé lẹ́ẹ̀kìíní pẹ̀lú àtẹ òfìfo, tí ìyá rẹ̀ kó òmíràn lé e, tí kò wí nǹkan kan ju kó wẹ ọwọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan níwájú ti gbé ọwọ́ lé àyà. Adéfúnkẹ́ kò lè wo ẹnikẹ́ni, ojú bàbá nìkan ló ń wò. Ó rí i pé ohùn ìkéde ti lọ. Kò sì mọ ìgbà tí bírò pupa bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ló wà, bàbá kò sì wá a.

"'Búrékì dún lójú títì,'" ni Alàgbà Titus kà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "'Ó dún pẹ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Dòdò ń jóná nínú agbada, Ọ̀ṣunfúnmi kò yọ ọ́. Ó dìde. Ó wo kọ̀rọ̀ tí Ànú máa ń gbà yọ. Kò sí ẹni tó yọ níbẹ̀.'"

Orí kìíní parí síbẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni bàbá tọ́ ìka sẹ́nu, ó ṣí ojú ìwé tó kàn, ó ní, "Orí kejì."

"Sà," ni Dárasími akọ̀wé wí, "ẹ jọ̀ọ́, sà, a ò tíì dìbò."

Bàbá gbé ojú sókè bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ó wo Dárasími, ó wo ìwé, ó tún wo Dárasími.

"Ẹ fẹ́ dìbò?"

"Òfin ẹgbẹ́ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ ṣe é."

"Ó dáa, ẹ dìbò! Ẹ tètè dì í! Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a dúró, ilé ni mò ń gbé ìwé yìí lọ, nítorí mi ò lè sùn lónìí láì mọ̀ bóyá ọmọ yẹn wà láàyè!"

Ilé dà rú. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń kígbe pé kí bàbá máa kà á lọ, ọkùnrin ará Ìkòyí ti dìde dúró, ó nawọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò. Kò sí ọwọ́ kan tó wà nílẹ̀. Dìran na méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ní kó sọ ìkankan kalẹ̀. Adéfúnkẹ́ bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Ayọ̀ ló ń pa á, kò sì gbìyànjú láti fi pa mọ́.

Alàgbà Titus kò dúró kí ariwo rọlẹ̀ kó tó máa kà á lọ. Ní orí kejì, Ànú yọ, eékún rẹ̀ bó, àtẹ rẹ̀ ti fọ́. Ìyá rẹ̀ gbá a létí, ó sì gbá a mọ́ra, kò jẹ́ kó lọ títí epo fi tutù. Bàbá yọ ìgò ojú níbẹ̀, ó nù ún, ó ní òjò àárọ̀ ló ta sí i. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Orí márùn-ún gbáko ni wọ́n kà lọ́jọ́ náà, ìgbà tí ọ̀fun bàbá gbẹ ni wọ́n tó dúró.

Ó wá dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. "Mo sọ níjọ́sí pé géèmù kò lè di ìwé. Ẹ má rò pé mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ìwé tí mo kà yìí dára, ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe géèmù."

"Géèmù ni, sà," ni Adéfúnkẹ́ wí. Ojú rẹ̀ ṣì tutù fún omi ẹkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

"Níbo ló wà níbẹ̀?"

"Bí kì í bá ṣe géèmù ni, sà, n kì bá tí béèrè ẹni tó ń dín dòdò. Mo bá Màmá tó jókòó lẹ́yìn yẹn gbé ládùúgbò láti kékeré, mi ò bi wọ́n rí. Ìgbà tí a rí àtẹ tó ń fúnra rẹ̀ kún la tó mọ̀ pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀. Mo wá lọ wá a. Gbogbo géèmù ló ní ibi tí kò dé, sà. Ibẹ̀ ni ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀."

Alàgbà Titus ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ẹ̀rín wá yọ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo gbà," ló wí. "Ìyẹn nìkan ni mo gbà o."

"Ṣé géèmù mi ni wọ́n ń bú báyìí àbí wọ́n ń yìn ín?" ni Dìran béèrè lẹ́yìn. Màmá Ẹfúnyẹmí ní kó panu mọ́, kó lọ fi ìyá sínú géèmù rẹ̀.

Dárasími ṣí ìwé ńlá tí ẹgbẹ́ ń kọ orúkọ ìwé ọdọọdún sí. Ó kọ déètì, ó kọ àkọlé, ó wá gbé ojú sókè, ó wo àárín èrò.

"Òǹkọ̀wé dà? Kó wá fọwọ́ sí i."

Adéfúnkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Gbogbo ilé ló kọjú sí i tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Alàgbà Titus ló sì ń rín in jù. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé òun ni òǹkọ̀wé tí wọ́n ń pè. Ó dìde dúró, ó ní, "Èmi nìyí," ohùn rẹ̀ sì lọ sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà Àpòmù dúró láti wo ẹni tó ń jẹ́ ìpè.